Kí Ẹ Tó Tún Kámẹ́rà Laptop Yín Ṣe

 

Ní ọjọ́ Sátidé kan, mo jókòó síwájú laptop mi ní Ìlọrin láti kọ́ àwọn ọmọ kan ní kéwú. London ni àwọn àti òbí wọn wà. Mo ń gbọ́ ohùn wọn, mo sì ń rí wọn, ṣùgbọ́n òkùnkùn ni àwọn ń rí níbi tí ojú mi yẹ kó wà. Lọ́jọ́ náà, mo fẹ́ fi bí ahọ́n ṣe ń yọ díẹ̀ láàrin eyín hàn wọ́n, tí a bá ń pe lẹ́tà thā. Báwo ni ọmọ ọdún méje ṣe fẹ́ kọ́ ìyẹn láìrí ẹnu olùkọ́?

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ládùúgbò wa, ọmọ dáadáa ni o, sọ fún mi pé, "Ùsítáàsì, dráífà ló bàjẹ́. Ẹ lọ wá òmíràn lórí íntánẹ́ẹ̀tì." Mo wá a, mo sì rí ojúlé kan tó ní ọ̀fẹ́ ni. Ṣùgbọ́n kí n tó gbà á, ó ní kí n kọ́kọ́ pa antivirus mi. Ọwọ́ mi ti wà lórí bọ́tìnnì. Ìgbà náà ni ìyàwó mi wọlé, ó wo òkè laptop, ó ní kí ni àmì pupa kékeré yẹn. Ìdérí tí wọ́n ṣe mọ́ kámẹ́rà ni! Ọmọ wa ló tì í pa níbi tó ti ń ṣeré. Ọjọ́ méjì gbáko ni mo ti fi ń bá ohun tí èékánná lè ṣí jà.

Kámẹ́rà tó kọ̀ kì í pa ẹnikẹ́ni lára. Ìkánjú tí a fi ń tún un ṣe ni olè ń bá wọlé.

Ètò burúkú kan wà tí wọ́n ń pè ní RAT. Bí ó bá ti wọ kọ̀ǹpútà yín, ẹni tó rán an lè ṣí kámẹ́rà yín láti ilé rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ọmọbìnrin tó gba adé Miss Teen USA lọ́dún 2013 rí ìwé gbà láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan tó ti ń yà á láwòrán nínú yàrá rẹ̀. Onítọ̀hún ń fi àwọn àwòrán náà halẹ̀ mọ́ ọn. Nígbà tí àwọn FBI mú un, ẹni tí wọ́n jọ lọ sí ilé-ìwé girama kan náà ni. Wọ́n dá ẹ̀wọ̀n oṣù 18 fún un. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2014, àwọn ọlọ́pàá mú èèyàn tó lé ní 90 ní orílẹ̀-èdè púpọ̀ lórí irú ètò bẹ́ẹ̀ kan, Blackshades, tí wọ́n ń tà ní dọ́là 40 péré.

Ẹ lè ní iná kékeré ẹ̀gbẹ́ kámẹ́rà yóò ta yín lólobó. Ọmọbìnrin yẹn sọ pé tòun kò tàn rárá. Lọ́dún 2013 náà, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Johns Hopkins fi hàn pé kámẹ́rà àwọn laptop Apple àtijọ́ kan lè ṣiṣẹ́ kí iná rẹ̀ má tàn.

Nítorí náà, bí kámẹ́rà bá kọ̀, ẹ kọ́kọ́ fojú wò ó. Ṣé ìdérí kò sí lójú rẹ̀? Ṣé ọwọ́ kò ti tẹ bọ́tìnnì tí wọ́n ya kámẹ́rà sí lórí kíbọ́ọ̀dù? Ẹ ti àwọn app mìíràn tó ń lò ó pa, ẹ pa laptop, kí ẹ tún un tàn. Lórí Windows 11, ẹ lọ sí Settings, kí ẹ wọ Privacy & security, kí ẹ wá Camera. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti rí àwọn app tí ẹ gbà láyè. Ẹ má kánjú kúrò níbẹ̀. Èyí tí ẹ kò mọ̀ rí nínú wọn, ẹ wádìí rẹ̀. Tí kò bá tíì ṣiṣẹ́, ẹ wọ Device Manager, ẹ fi Uninstall device yọ kámẹ́rà náà, kí ẹ tún laptop tàn. Windows sábà máa ń dá a padà fúnra rẹ̀. Bí ó bá ku dráífà tuntun, Windows Update tàbí ojúlé ilé-iṣẹ́ tó ṣe laptop ni kí ẹ ti gbà á.

Bí wáyà inú rẹ̀ ló já, ẹ ra kámẹ́rà tí a ń kì bọ ojú USB. Èmi fẹ́ràn rẹ̀ ju ti inú laptop lọ, torí tí kíláàsì bá parí, mo yọ ọ́ kúrò. Bí ẹ bá sì gbé laptop lọ fún àwọn tó ń tún un ṣe, ẹ jókòó tì í. AnyDesk àti TeamViewer kì í ṣe ohun burúkú, ṣùgbọ́n bí ẹ bá bá wọn níbẹ̀ lẹ́yìn àtúnṣe, tí ẹ̀yin kọ́ lẹ fi wọ́n síbẹ̀, ẹ yọ wọ́n. Laptop tòkunbọ̀ ńkọ́? Ẹ nu gbogbo inú rẹ̀, kí ẹ gbé Windows tuntun sí i kí ẹ tó lò ó.

Àwọn kan á ní èyí ti pọ̀ jù. Lọ́dún 2016, Mark Zuckerberg tó ni Facebook ya àwòrán, àwọn èèyàn sì rí téèpù lójú kámẹ́rà laptop ẹ̀yìn rẹ̀. Àwa ńkọ́? Nínú Sūratu n-Nūr, wákàtí mẹ́ta ni Ọlọ́hun ní kí àwọn ọmọdé ilé pàápàá tọrọ àyè kí wọ́n tó wọlé tọ̀ wá: ṣáájú ìrun Àsùbáà, ọ̀sán tí a ń bọ́ aṣọ sílẹ̀, àti lẹ́yìn ìrun Ìṣáì. Laptop tó ṣí sílẹ̀ lórí tábìlì, ní wákàtí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló wà ní yàrá àwọn ọmọbìnrin wa, láìsí hìjáábù lórí wọn. Bébà ti tó láti fi bò ó. Kí ìdérí má nípọn o. Apple ti kìlọ̀ pé tí a bá pa MacBook dé lórí èyí tó nípọn, ojú rẹ̀ lè fọ́. Ẹ sì rántí pé bébà kò bo ohùn.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá wá sọ fún yín pé ẹnì kan ń fi àwòrán halẹ̀ mọ́ òun, ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "kí lo ń wá níbẹ̀?" Ìbẹ̀rù ìbéèrè yẹn gan-an ni olè náà fi ń jẹun. Ẹ má san kọ́bọ̀. Ẹ yọ laptop kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ tọ́jú gbogbo ọ̀rọ̀ tó kọ ránṣẹ́, ẹ fi ẹ̀rọ mìíràn yí pásíwọ̀ọ̀dù padà, kí ẹ sì gba ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá lọ.

Ní ti ọmọ wa tó ti kámẹ́rà pa, a ti sọ ọ́ di iṣẹ́ rẹ̀ báyìí. Tí mo bá ti kí àwọn ọmọ London pé ó dàbọ̀, òun ló ń wá tì í.