Ẹ Yé Pàtẹ́wọ́ fún Oníjàgídíjàgan

Ẹ̀yin ará wa ní Asata, bí fídíò àwọn aṣòfin tó ń bá ara wọn jà bá wọ fóònù yín, kí lẹ máa ń ṣe? Ẹ ó rẹ́rìn-ín, ẹ ó sì fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíì. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àgbà kan lẹ́yìn ìsìn pé, "Ọkùnrin nìyẹn! Irú ẹ̀ la fẹ́ kó ṣojú wa." Èmi ò fara mọ́ ọn rárá.

Enugu tí a ń gbé yìí ti rí irú ẹ̀ rí. Lọ́dún 1953, ẹgbẹ́ NCNC ní kí àwọn mínísítà ilé aṣòfin Ìlà-Oòrùn fipò sílẹ̀. Eyo Ita àtàwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kọ̀ jálẹ̀. Làwọn tó kù bá bẹ̀rẹ̀ sí í da gbogbo àbádòfin ìjọba nù, títí kan ètò ìṣúná. Òyìnbó ló fi àṣẹ tirẹ̀ gbé ìṣúná náà jáde, wọ́n sì tú ilé ká lọ́dún yẹn. Ta ló jàre? N ò bá yín dá ẹjọ́ yẹn.

Àwa Yorùbá náà ò lẹ́nu láti fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ o. Ní ọjọ́ 25, oṣù Karùn-ún, 1962, ilé aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn jókòó ní Ìbàdàn láti dìbò lórí ìjọba Alhaji Dauda Adegbenro. Ọ̀gbẹ́ni E. O. Oke fò sórí tábìlì, àga ń fò, Ọ̀gbẹ́ni Ebubedike gbá ọ̀pá àṣẹ mú, ọ̀pá sì fọ́. Ọlọ́pàá yin tíágáàsì. Nígbà tó fi di ọjọ́ 29, Ìjọba Àpapọ̀ ti kéde pàjáwìrì, wọ́n sì fi Dókítà Majekodunmi ṣàkóso agbègbè náà.

Àwọn tó ju àga la máa ń rántí. Ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́ níjọ́ náà ńkọ́? Ó ru ẹ̀dùn ọkàn àwọn ará ìlú ẹ̀ wá síbẹ̀: ọ̀nà, omi, ilé ìwé. Èèyàn díẹ̀ pariwo, iṣẹ́ ẹ̀ di òfo. Ìwọ tó o wà níbẹ̀, ṣé wàá tún jókòó ka ìwé àbádòfin lóru ọjọ́ kejì? Bí ìbò bá sì dé, àwa yìí kan náà la máa sọ pé, "Kí ló ṣe? A ò gbóhùn ẹ̀ rí." Ó máa yé e nígbà yẹn. Yálà kó padà sílé, tàbí kó máa sùn lórí àga, tàbí kí òun náà kọ́ bí wọ́n ṣe ń fò sórí tábìlì.

Ẹnìkan á ní bí wọn ò bá le, wọ́n á rẹ́ wọn jẹ. Kí wọ́n le dáadáa! Kí wọ́n dìbò "rárá" nígbà ọgọ́rùn-ún. Ìyẹn yàtọ̀ sí kéèyàn máà jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dìbò.

Bí olùdíje bá tún wá kí wa níjọ́ ìkórè, ẹ bi í pé ta ni wọ́n jọ ṣiṣẹ́, lórí àbádòfin wo. Tó bá dáhùn pé òun nìkan ló ń jà fún wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ káwọ́ lé itan yín, kí ẹ jẹ́ kó jókòó.