Bàálù Ọ̀fẹ́, Ogun Olówó Gọbọi

Oṣù kọkànlá ọdún 2012 ni ilé-iṣẹ́ Gaijin Entertainment ṣí ilẹ̀kùn eré orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní War Thunder, wọ́n sì ní ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tó bá ti ní kọ̀ǹpútà àti íntánẹ́ẹ̀tì lè wa Spitfire ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Bf 109 ti Jámánì tàbí Yak ti Rọ́ṣíà, kó sì bá ẹlòmíràn jà lójú òfurufú láìsan kọ́bọ̀. Àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ a máa yangàn pé kò sí eré ọ̀fẹ́ mìíràn tó jọ ogun òfurufú gidi tó bẹ́ẹ̀. Ó yẹ kí a yẹ ìyangàn yìí wò, nítorí ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Kò sí ẹni tó lè pe àwọn tó ṣe eré náà ní ọ̀lẹ. Bàálù inú rẹ̀ ní ìwúwo. Ní ipò Simulator, níbi tó jẹ́ pé láti inú yàrá awakọ̀ nìkan ni ojú ti ń ríta, ẹni tó bá fi ipá yí bàálù ju bó ti yẹ lọ yóò rí i pé apá rẹ̀ kò ní lè gbé e mọ́, yóò sì máa já bọ̀ bí òkò. Ẹ́ńjìnnì a máa gbóná, ọta ìbọn a sì máa tán. Bí ọ̀rọ̀ bá parí síbẹ̀, kò sí ẹjọ́. Ṣùgbọ́n bí bàálù ṣe ń fò nìkan kọ́ ni ogun òfurufú. Ọ̀tá wo ni awakọ̀ bá pàdé? Kí ni ó pàdánù nígbà tó ṣubú? Àwọn ìbéèrè wọ̀nyí ni ìtàn máa ń dáhùn, àwọn náà gan-an sì ni ìsọ̀ ti gbà lọ́wọ́ ìtàn.

Ẹ wo Me 262 ti Jámánì, tó wọ ojú ogun ní ọdún 1944. Ohun tó mú un di ẹ̀rù fún àwọn ọ̀tá ni eré sísá rẹ̀, nítorí kò sí bàálù tí wọ́n ní lójú ogun nígbà náà tó lè lé e bá. Nínú War Thunder, ọdún tí wọ́n ṣe bàálù kọ́ ló ń sọ ẹni tí yóò bá pàdé. Nọ́ńbà kan tí wọ́n ń pè ní Battle Rating ni, ilé-iṣẹ́ náà a sì máa gbé e sókè tàbí kí wọ́n rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àwọn òṣèré bá ṣe ń ṣe sí pẹ̀lú bàálù ọ̀hún. Èyí ni Me 262 fi ń bá bàálù tí wọ́n ṣe lẹ́yìn tí ogun ti parí wọ̀jà. Bí ọ̀jáfáfá bá pọ̀ nídìí bàálù kan, wọn a tì í sáàrin àwọn tó lágbára jù ú lọ. Bí aláìmọ̀kan bá pọ̀ nídìí rẹ̀, wọn a fà á wálẹ̀. Ọwọ́ tó ń wa irin ló wá ń sọ ohun tí irin jẹ́.

Ilé-iṣẹ́ náà lè dáhùn pé láìsí ètò yìí, kò sí ẹni tí yóò fẹ́ wà ní ẹ̀gbẹ́ tí yóò máa fìdí rẹmi. Òótọ́ ni. Ogun gidi kò bá ẹnikẹ́ni ṣe ìdọ́gba rí. Ṣùgbọ́n ìsọ̀ tí kò gba owó ẹnu ọ̀nà kò lè jẹ́ kí oníbàárà rẹ̀ bínú lọ sílé, nítorí ìgbà tó bá pẹ́ nínú ìsọ̀ ni yóò náwó.

Ọ̀rọ̀ owó àtúnṣe ló tú àṣírí jù. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, lẹ́yìn ìjà, òṣèré ni yóò fi owó eré tí wọ́n ń pè ní Silver Lions tún bàálù rẹ̀ tó fọ́ ṣe, bàálù tí àwọn ènìyàn sì ń fi ṣe dáadáa ni àtúnṣe rẹ̀ máa ń wọ́n jù. Nínú ogun wo ni wọ́n ti ń bu owó ìtanràn lé ọmọ ogun nítorí pé wọ́n fún un ní ohun ìjà tó dára? Bí Silver Lions bá gbẹ, ọ̀nà àbáyọ wà: kó ra Golden Eagles pẹ̀lú owó gidi, tàbí kó san owó Premium kí èrè rẹ̀ lè yára gbèrú. Ẹni tí kò bá san yóò máa ja ìjà kan náà lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀ kí ó tó rí bàálù tó kàn gbà. Ìsinmi kúrò nínú làálàá tí wọ́n fọwọ́ ara wọn dá sílẹ̀ ni wọ́n ń tà. Àwọn bàálù oníjẹ́ẹ̀tì kan wà nínú ìsọ̀ náà tí owó wọn ju dọ́là 60 lọ, èyí tó ju owó oṣù òṣìṣẹ́ tó kéré jù lọ ní Nàìjíríà lọ, ìyẹn 70,000 náírà. Fún eré ọ̀fẹ́!

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, àwọn òṣèré fárígá. Wọ́n fi ìbáwí kún ojú ewé eré náà lórí Steam títí ilé-iṣẹ́ náà fi fa àbá tuntun rẹ̀ sẹ́yìn, tó sì kéde àwọn àtúnṣe, owó àtúnṣe bàálù sì wà lára wọn. Ó dára bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ iye owó ni wọ́n jà lé lórí, ìtàn tí wọ́n ń tẹ̀ lójú kò sí nínú rẹ̀.

Ọ̀nà mìíràn wà, bí kò tilẹ̀ mọ́ tán. DCS World ti ilé-iṣẹ́ Eagle Dynamics náà kò gba owó ẹnu ọ̀nà. Bàálù méjì ni wọ́n ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́, Su-25T àti TF-51D, èyí èkejì kò tilẹ̀ ní ìbọn. Àwọn yòókù, owó ni: ẹyọ kan lè tó dọ́là 80, wọ́n sì máa ń ta òmíràn nígbà tí iṣẹ́ kò tíì parí lórí rẹ̀, èyí tó jẹ́ ìwà àìtọ́ tiwọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti sanwó ti sanwó. Làálàá tó kù fún un ni pé kó kọ́ bí wọ́n ṣe ń tan ẹ́ńjìnnì, kò sì sí ẹni tí yóò ta ìmọ̀ yẹn fún un ní kánmọ́kánmọ́. Microsoft náà gbìyànjú ọ̀fẹ́ ní ọdún 2012 pẹ̀lú Microsoft Flight, wọ́n sì ta P-51 Mustang tí kò ní inú yàrá awakọ̀ rárá fún àwọn ènìyàn. Kí oṣù keje ọdún náà tó parí, wọ́n ti dá iṣẹ́ lórí rẹ̀ dúró.

Ipò Simulator ti wà nílẹ̀ nínú War Thunder. Kí Gaijin yọ ọ́ kúrò nínú ìsọ̀, kí wọ́n gba owó ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo níbẹ̀, iye tí wọ́n kọ ní dọ́là láìfi ti Golden Eagles bò ó lójú, kí owó àtúnṣe parẹ́ níbẹ̀, kí ọdún tí bàálù jáde sì máa sọ ẹni tí yóò bá pàdé. Bí wọn kò bá lè ṣe ìyẹn, ipò kan ṣì wà nínú eré náà tí wọ́n sọ ní Realistic. Kí wọ́n wá orúkọ mìíràn fún un.