Kí Ni À Ń Pè ní Jíà?

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bí àwa tí a ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ bá fẹ́ sọ ẹ̀yà ẹ̀rọ lórúkọ, iṣẹ́ tí ó ń ṣe ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ wò. Nítorí pé a kò ṣe bẹ́ẹ̀, ẹrù ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, 'jíà', ti pọ̀ jù.

Abẹ́òkúta jẹ́ ìlú olókè. Ọlọ́kadà tí ó ń gbé èrò gun òkè níbẹ̀ mọ̀ pé agbára alùpùpù kò sí nínú ẹ́ńjìnì nìkan. Ká sọ pé irin eléyín tí ẹ́ńjìnì ń yí ní eyín 14, tí irin eléyín ẹsẹ̀ ẹ̀yìn sì ní 42. Irin iwájú yóò yí nígbà 3 kí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tó yí lẹ́ẹ̀kan. Bí a bá fi eléyín 12 rọ́pò ti 14, yóò di 3.5. Òkè yóò rọrùn láti gùn, ṣùgbọ́n eré orí ilẹ̀ títẹ́jú yóò dínkù. Ẹ́ńjìnì kò yí padà rárá. Ìṣirò ni ó yí padà.

Kí ni à ń pe ìṣirò yìí? Jíà. Irin eléyín inú jíábọ́ọ̀sì ńkọ́? Jíà. Ipò tí awakọ̀ ń ti ọ̀pá sí, kìíní, kejì, ẹ̀kẹta? Jíà náà ni. Lẹ́nu iṣẹ́ kò sí ìṣòro, nítorí pé ojú ń rí ohun tí ọwọ́ ń tọ́ka sí. Ṣùgbọ́n òfin kò ní ọwọ́.

Ẹ jẹ́ kí a wo òfin kan. Ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ Sports Car Club of America, tí a dá sílẹ̀ ní 1944, ń ṣètò eré ọkọ̀ fún àwọn tí ń fi ìfẹ́ díje. Nínú ìsọ̀rí tí wọ́n ń pè ní Improved Touring, a gbà kí ènìyàn pààrọ̀ ìṣirò ti ìdí ẹsẹ̀ ọkọ̀, bí irin tuntun bá sá ti wọ ilé ti àtijọ́ láìgé e, láìfẹ̀ ẹ́. Ìṣirò inú jíábọ́ọ̀sì kò gbọdọ̀ yàtọ̀ sí ti ilé iṣẹ́ tí ó ṣe ọkọ̀. Ẹ fi ọ̀rọ̀ wa túmọ̀ rẹ̀: 'A lè pààrọ̀ jíà, ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ pààrọ̀ jíà.' Ta ni yóò pa irú òfin bẹ́ẹ̀ mọ́?

Ògbufọ̀ mìíràn yóò sọ pé 'jíà ìkẹyìn'. Jíà karùn-ún ni awakọ̀ yóò rò. Bí ó bá sọ pé 'jíà ẹ̀yìn', ọkọ̀ yóò padà sẹ́yìn.

Èrò tèmi ni pé kí a fi 'jíà' sílẹ̀ fún ipò ọ̀pá, nítorí pé àwọn awakọ̀ ti sọ ọ́ di tiwọn. Kí ohun tí a ń fọwọ́ kàn máa jẹ́ 'irin eléyín'. Kí ìṣirò máa jẹ́ 'ìlọ́po ìyípo', kí èyí tí ó gbẹ̀yìn lójú ọ̀nà agbára sì máa jẹ́ 'ìlọ́po ìdí-ẹsẹ̀', ìbáà ṣe ẹsẹ̀ iwájú ni ó ń wọ́ ọkọ̀ tàbí ti ẹ̀yìn. A lè sọ pé ìlọ́po kì í dín ní ẹyọ kan, bẹ́ẹ̀ ìṣirò jíà karùn-ún lè jẹ́ 0.8. Àtakò gidi nìyẹn, ṣùgbọ́n ìmọ̀ ìṣirò lè fẹ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ lójú.

Kí ni ó kan Ẹ̀gbá nínú eré ọkọ̀? Ohun tí ó kàn wọ́n ni ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì tí ń fi ọdún gbọọrọ wo ọwọ́ ọ̀gá rẹ̀, nítorí pé kò sí ojú ìwé kan tí ó lè là á yé e ní èdè rẹ̀. Abẹ́òkúta ni a ti tẹ Ìwé Ìròyìn ní 1859. Ní 1970 ni a sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọdé ní sáyẹ́ǹsì ní Ilé-Ifẹ̀. Èdè wa kò kọ iṣẹ́.

Nítorí náà, kí a tó tẹ àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí sínú ìwé, ẹ jẹ́ kí a gbé wọn tọ àwọn mẹkáníìkì Lafẹ́nwá lọ. Bí wọ́n bá fi wọ́n rẹ́rìn-ín, kí a padà wá ro òmíràn.