ỌPỌLỌ LÁPTỌ́Ọ̀PÙ: ÌMỌ̀RÀN FÚN ÀWỌN ÒBÍ

Láti Mọ́níyà dé Lálúpọn, láti Ẹgbẹ́dá dé Àkànrán, kì í ṣe ohun tuntun mọ́ kí baba ta kòkó, tàbí kí ìyá ta gàrí, kí wọ́n sì kó owó náà lé ọmọ wọn tí ó wọ Pólì tàbí Yunifásítì lọ́wọ́ pé kí ó lọ fi ra láptọ́ọ̀pù. Tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ń rà, kò sì sí àbùkù níbẹ̀. Ohun tí ó dùn wá ni pé orúkọ kan ṣoṣo ni àwọn ẹlòmíràn ń gbọ́ tí wọ́n fi ń sanwó: “Core i7 ni!”

Prósẹ́sọ̀ ni ọpọlọ láptọ́ọ̀pù. Òun ni ó ń ṣe gbogbo ìṣirò inú rẹ̀. Bí RAM bá kéré, a lè fi kún un nínú ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀. Bí ibi tí ó ń kó nǹkan pamọ́ sí bá ń falẹ̀, a lè pààrọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n a ti fi òjé jó prósẹ́sọ̀ mọ́ inú ọ̀pọ̀lọpọ̀ láptọ́ọ̀pù òde òní. Èyí tí a bá rà ni a ó máa lò títí.

Ẹ jẹ́ kí a mú méjì wò. Ọ̀kan ni Core i7-2640M, tí ilé-iṣẹ́ Intel gbé jáde ní ọdún 2011. Èkejì ni Core i5-8250U ti ọdún 2017. Ẹ wo nọ́ńbà tí ó tẹ̀lé i7 àti i5 náà. Èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 2 jẹ́ ìran kejì. Èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 8 jẹ́ ìran kẹjọ. Bí ẹ bá rí 10210U, ìran kẹwàá ni. Ipò tí ẹ̀rọ kan wà láàárín ìran tirẹ̀ ni i5 àti i7 ń sọ. Ọmọ tí ó ṣe ipò kìn-ín-ní ní kíláàsì kejì kò lè bá ẹni tí ó ṣe ipò kẹta ní kíláàsì kẹfà dìje.

Ẹlòmíràn yóò wí pé ti àkọ́kọ́ jẹ́ 2.8 GHz, ti èkejì sì jẹ́ 1.6 GHz péré. GHz kan jẹ́ ìṣísẹ̀ bílíọ̀nù kan ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n mélòó ni alágbàro tí ó wà lóko? Méjì ni ó wà nínú i7 yẹn, mẹ́rin ni ó wà nínú i5 yìí, nígbàtí iṣẹ́ bá sì le, ó lè sáré dé 3.4 GHz. Pẹ̀lúpẹ̀lù, wátì 35 ni a díwọ̀n i7 yẹn sí, 15 sì ni ti i5. Ní abúlé tí iná kì í dúró, ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe kékeré fún bátìrì.

Ohun mìíràn tún wà. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, Microsoft dáwọ́ ìtọ́jú gbogbogbòò tí ó ń ṣe fún Windows 10 dúró. Ní ti Windows 11, àfi díẹ̀ nìkan, ìran kẹjọ ni Intel Core tí ó gbà ti bẹ̀rẹ̀. Nítorínáà, ẹ má ṣe ra èyí tí kò tó ìran kẹjọ fún ọmọ tí yóò lò ó fún ọdún mẹ́rin.

Ẹ má sì jẹ́ kí páálí tuntun tàn yín jẹ. Celeron N4000 ní alágbàro méjì, 1.1 GHz. Ó tó fún lẹ́tà kíkọ àti ìwé kíkà. Kò tó fún ọmọ tí ń kọ́ bí a ti ń ya àwòrán ilé.

Yálà ní Queen Cinema ní Ìbàdàn ni ẹ ti fẹ́ rà tàbí ní Ìkẹjà, ẹ má ṣe gba ìlẹ̀mọ́ ara rẹ̀ gbọ́, nítorí a lè lẹ òmíràn mọ́ ọn. Ẹ ní kí wọ́n tàn án. Ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀. Ẹ wá Performance, kí ẹ sì tẹ CPU. Orúkọ rẹ̀ yóò hàn lókè, iye alágbàro rẹ̀ yóò sì hàn níwájú Cores. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ náà, pẹ̀lú nọ́ńbà àti lẹ́tà rẹ̀, sínú rìsíìtì kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín.

Abéèrè kì í ṣìnà. Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.