Ìpinnu Olórí, Ẹrù Gbogbo Ẹgbẹ́

Ìdìbò ti sún mọ́ etílé. Níbi gbogbo tí àwọn ọmọ Yorùbá tí ó ń gbé ìlú yìí bá ti pàdé, ìbéèrè mẹ́ta ni ó gba ẹnu wọn nípa àwọn tí ó ń du ipò: Ṣé olóòótọ́ ni? Ṣé ó kàwé? Ọmọ ibo ni? Ìbéèrè àkọ́kọ́ dára, èkejì kò burú, ẹ̀kẹta kò sì yani lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kẹrin wà tí àwọn ènìyàn kì í sáábà bèèrè, bẹ́ẹ̀ òun ni ó ń gbé ẹgbẹ́ ró tàbí tí ó ń tú u ká: báwo ni ẹni yìí ṣe máa ń ṣe ìpinnu?

Ìbéèrè yìí kò kéré fún àwọn tí ó jìnnà sí ilé baba wọn. Owó tí ìyá aláṣọ àti mẹkáníìkì ń dá lóṣooṣù ni a fi ń gbé òkú relé, òun ni a fi ń ran opó lọ́wọ́, òun náà ni a fi ń wá ọkọ̀ fún àwọn aláìní nígbà tí ìlú bá gbóná. Ẹni tí ìbò bá gbé wọlé ti di alábòójútó owó náà. Iṣẹ́ alábòójútó kò sì ju ìpinnu lọ: kí ni kí a ṣe, ta ni kí a gbé e fún, ìgbà wo ni kí a dáwọ́ dúró?

Ó ti pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ti ń wádìí bí àwọn ọ̀gá iléeṣẹ́ ṣe ń pinnu. Herbert Simon, ọmọ Amẹ́ríkà tí ó gba ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ ọrọ̀-ajé ní ọdún 1978, fi hàn pé kò sí ọ̀gá tí ó lè yẹ gbogbo ọ̀nà wò tán kí ó tó yan èyí tí ó dára jù. Àkókò kì í tó, ìròyìn kì í pé, òye ẹ̀dá sì ní ìwọ̀n. Ọ̀gá a máa wá ọ̀nà títí yóò fi kan èyí tí ó tẹ́ ẹ lọ́rùn, yóò sì dúró síbẹ̀. Èyí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ewu rẹ̀ ni pé ọkàn tí ó ń kánjú a máa gba ọ̀nà àbùjá, ọ̀nà àbùjá a sì máa ṣi ènìyàn lọ́nà láìjẹ́ pé ó mọ̀.

Daniel Kahneman àti Amos Tversky, àwọn onímọ̀ méjì láti Ísírẹ́lì, tẹ ìwádìí kan jáde ní ọdún 1974. Wọ́n yí kẹ̀kẹ́ tẹ́tẹ́ kan lójú àwọn ènìyàn. Wọ́n ti ṣètò rẹ̀ kí ó máa dúró lórí 10 tàbí 65. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bèèrè pé nínú ọgọ́rùn-ún orílẹ̀-èdè tí ó wà nínú Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, mélòó ni ti Áfíríkà? Ìdáhùn àárín láti ọ̀dọ̀ àwọn tí ó rí 10 jẹ́ 25. Ti àwọn tí ó rí 65 jẹ́ 45. Kẹ̀kẹ́ náà kò mọ nǹkan kan nípa Áfíríkà, síbẹ̀ ó darí èrò wọn. Kò sí ìyá ọlọ́jà tí èyí yóò ṣàjèjì sí: ẹni tí ó bá kọ́kọ́ dá iye lé ọjà ni ó ń darí ìnájà. Bí kọngílá kan ṣoṣo bá gbé iye iṣẹ́ wá síwájú ìgbìmọ̀, orí iye yẹn ni gbogbo àríyànjiyàn yóò máa yí. Ìgbìmọ̀ yóò já díẹ̀ kúrò, wọn yóò pàtẹ́wọ́, wọn yóò sì gbàgbé láti bèèrè iye tí ẹlòmíràn ìbá gbà.

Àṣìṣe kejì ni ti owó tí ó ti lọ. Ọdún 1979 ni a dá iléeṣẹ́ irin Àjàòkúta sílẹ̀. Ìjọba ń rọ́pò ìjọba, owó ńláńlá wọlé, iléru ńlá ibẹ̀ kò sì yọ́ irin. Àwíjàre kan tí kò tán lẹ́nu àwọn ènìyàn ni pé ohun tí a ti ná ti pọ̀ ju kí a fi í sílẹ̀ lọ. Ó lè yẹ kí a parí rẹ̀, ó sì lè máà yẹ. Ṣùgbọ́n owó tí ó ti lọ kọ́ ni ẹ̀rí. Ohun tí ó kù láti ná àti èrè tí yóò tibẹ̀ wá ni ó yẹ kí a gbé sórí ìwọ̀n. Àwọn àgbà ní omi ni ó dànù, agbè kò fọ́. Olórí tí ó bá ń lépa omi tí ó ti dànù ni yóò fọ́ agbè.

Èyí tí ó burú jù ni àìfẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ tí kò dùn. Ní ọjọ́ 28 oṣù kìíní ọdún 1986, ọkọ̀ Challenger, tí ó ń gbé ènìyàn lọ sí òkè sánmọ̀, gbéra ní Florida pẹ̀lú ènìyàn méje, olùkọ́ kan sì wà lára wọn. Kò pé ìṣẹ́jú kan àbọ̀ tí ó fi fọ́ sí wẹ́wẹ́. Ní alẹ́ tí ó ṣáájú, àwọn ẹnjiníà Morton Thiokol, iléeṣẹ́ tí ó ṣe ẹ̀rọ tí ó ń ti ọkọ̀ náà sókè, ti kìlọ̀ lórí tẹlifóònù pé òtútù yóò mú kí òrùka rọ́bà tí ó dí oríkèé ẹ̀rọ náà le, iná sì lè gba ibẹ̀ yọ. Ìkìlọ̀ náà kò dùn mọ́ àwọn ọ̀gá NASA, nítorí wọ́n ti sún ìrìnàjò náà síwájú lẹ́ẹ̀mélòó kan. Àwọn ọ̀gá Thiokol bá bọ́ sí kọ̀rọ̀. Àwọn mẹ́rin dìbò láàárín ara wọn, wọn kò bèèrè ìbò àwọn ẹnjiníà, wọ́n sì yí ìmọ̀ràn padà.

Ìgbìmọ̀ olùwádìí tí William Rogers darí tún rí ohun mìíràn. Àwọn ìrìnàjò tí òrùka ti bàjẹ́ nìkan ni wọ́n gbé yẹ̀ wò nípa òtútù. Wọn kò ka àwọn tí ó lọ tí ó bọ̀ láìní àbùkù mọ́ ọn. Bí wọ́n bá ti ka gbogbo rẹ̀ pọ̀ ni, ọwọ́ òtútù nínú ọ̀ràn náà ìbá hàn gbangba. Àwọn ọ̀gá wọ̀nyí kì í ṣe olè, wọn kì í sì í ṣe òpè. Ọdún mẹ́tàdínlógún lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 1 oṣù kejì ọdún 2003, ọkọ̀ Columbia ti àjọ kan náà run nígbà tí ó ń padà bọ̀, ènìyàn méje tún kú. Fóòmù kan ti gbá apá rẹ̀ nígbà tí ó ń gbéra. Àwọn ẹnjiníà bèèrè fún àwòrán. Àwọn ọ̀gá kò rí ìdí rẹ̀, nítorí pé fóòmù ti ń gbá ọkọ̀ tẹ́lẹ̀ tí wọ́n sì ń padà dé ní àlàáfíà. Ṣùgbọ́n igi ganganran tí ó gún ènìyàn lẹ́ẹ̀kan tí kò fọ́ ojú kò tíì di ọ̀rẹ́ ojú.

Òfin mọ àìsàn yìí tipẹ́. Abala 36 nínú Òfin Ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 fún ẹni tí ọ̀ràn kàn ní ẹ̀tọ́ sí ìgbẹ́jọ́ òdodo, òpó méjì ni ó sì gbé e ró: kí a gbọ́ tẹnu ìhà méjèèjì, kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe adájọ́ nínú ọ̀ràn ara rẹ̀. Yorùbá ti sọ ọ́ kí òfin òyìnbó tó dé: a-gbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Òfin kò fi gbogbo adájọ́ pe òṣìkà. Ó kàn mọ̀ pé ìpàkọ́ onípàkọ́ ni à á rí, ẹni ẹlẹ́ni ní í rí tẹni.

Nítorí náà, ìlànà ni ó yẹ kí ẹgbẹ́ gbẹ́kẹ̀ lé, kì í ṣe ìwà rere olórí nìkan. Kí iye iṣẹ́ ti ọwọ́ kọngílá mẹ́ta ó kéré tán wá, nínú àpòòwé tí a lẹ̀ pa. Kí ẹni tí ó kéré jù nínú ìgbìmọ̀ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, kí alága sì sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, nítorí pé bí alága bá ti sọ tirẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹnu yóò pa dé. Kí akọ̀wé kọ èrò ẹni tí kò gbà sínú ìwé ìpàdé. Kí a tó fi owó kún iṣẹ́ tí kò parí, kí ìgbìmọ̀ bi ara wọn pé: bí a kò bá tíì ná kọ́bọ̀, ṣé a óò bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lónìí?

Olùdìbò pàápàá kò bọ́ lọ́wọ́ ìdẹkùn yìí. Ìrẹsì tí ó gbà lọ́sẹ̀ tí ó kọjá a máa wúwo lọ́kàn rẹ̀ ju ìṣirò owó ọdún mẹ́ta lọ. Agbádá tí ó gún régé a máa jọ ọgbọ́n lójú rẹ̀, ọmọ ìlú rẹ̀ a sì máa jọ olóòótọ́. Kí ó tó tẹ̀ka, kí ó bi olùdíje ní ìbéèrè mẹ́ta: Ìgbà wo ni ó yí ìpinnu padà kẹ́yìn nítorí ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn? Iṣẹ́ wo ni ó dáwọ́ rẹ̀ dúró rí nígbà tí ó rí i pé kò lérè? Ta ni ó lè wí fún un pé rárá, tí kò sì ní di ọ̀tá rẹ̀? Ẹni tí kò bá ní ìdáhùn sí ẹ̀kẹta yìí, kí olùdìbò má ṣe fi owó òkú àti ti opó sí ìkáwọ́ rẹ̀.