Ìmeèlì Tí A Pa Tì, Olè Lè Sọ Ọ́ Dilé

Ní Èjìgbò, agboolé tí kò lẹ́nì kan ní Abidjan kò pọ̀. Láyé àtijọ́, ẹni tó bá ń bọ̀ wálé ni wọ́n ń fi lẹ́tà àti owó rán. Lónìí, inú fóònù ni gbogbo rẹ̀ wà: fọ́tò ọmọ tuntun, àwòrán bàbá tó ti dolóògbé, orúkọ àwọn oníbàárà tó jẹ gbèsè.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ná. Lọ́jọ́ tí ìyá aláṣọ bá ra fóònù Android, fóònù á ní kó mú Gmail wá. Ìyá ò mọ Gmail, ó ní kí ọmọkùnrin tó ta fóònù bá òun ṣe é. Ọmọ yẹn á tẹ orúkọ, á tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà tí wọ́n ń pè ní password, á gba owó iṣẹ́ rẹ̀, ó parí. Lọ́dún kejì, fóònù já sómi. Wọ́n ra òmíràn, wọ́n tún ṣí Gmail mìíràn. Ta ló wá ń bójú tó ti àkọ́kọ́? Kò sẹ́nì kankan. Ilé tí èèyàn ò gbé, alángbá ni yóò máa gbé e.

Kọ̀ǹpútà ńlá tó ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru ni àwọn lẹ́tà wọ̀nyí ń sùn sí, sáfà ni wọ́n ń pè é. Àwọn báǹkì àti yunifásítì náà ní tiwọn. Òṣìṣẹ́ á fẹ̀yìn tì, akẹ́kọ̀ọ́ á jáde, àpótí lẹ́tà wọn á ṣì wà níbẹ̀. Ẹni tó ń tọ́jú sáfà ò lè máa fọwọ́ tú u lọ́kọ̀ọ̀kan. Irinṣẹ́ kan wà tí kò ní àwòrán, tí kò ní bọ́tìnnì. Ojú dúdú lásán ni, ìlà àṣẹ kan ló máa tẹ̀ síbẹ̀: "Wá gbogbo àpótí tí ẹnikẹ́ni ò ṣí láti ọdún kan, kó o ka orúkọ wọn." Irinṣẹ́ á wo ọjọ́ tí oníkálukú wọlé kẹ́yìn, á sì kó orúkọ wọn jáde.

Ẹni tó mọṣẹ́ kì í pa wọ́n rẹ́ lójú ẹsẹ̀. Á kọ́kọ́ ka orúkọ, á yọ ẹni tó wà lórí àìsàn tàbí tó rìnrìn àjò. Lẹ́yìn náà ló máa ti àpótí tó kù pa, á tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀, kó tó wá pa á rẹ́. Bí ìyálọ́jà náà ṣe ń ṣe nìyẹn: bí ìsọ̀ kan bá ṣófo, á bi àwọn aládùúgbò, á ránṣẹ́ sílé olówó ìsọ̀, kó tó fún ẹlòmíràn.

Kí ló fà á tí wọ́n fi ń gbálẹ̀? Olè ni. Ní ọjọ́ 7 oṣù karùn-ún ọdún 2021, ilé iṣẹ́ Colonial Pipeline ní Amẹ́ríkà, tó ń gbé nǹkan bí ìdajì epo tí ìlà oòrùn ibẹ̀ ń lò, ti páìpù rẹ̀ pa. Àwọn ọlọ́ṣà ti gba orúkọ ìwọlé kan tí òṣìṣẹ́ kankan ò lò mọ́ wọlé, ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ ti bọ́ síta. Ilé iṣẹ́ náà san owó ìràpadà tó ju mílíọ̀nù 4 dọ́là lọ. Ilẹ̀kùn kan péré tí wọ́n gbàgbé láti tì ni o!

Google náà ti kéde lóṣù karùn-ún ọdún 2023 pé Gmail tí ẹnikẹ́ni ò bá lò fún ọdún 2, àwọn lè pa á rẹ́, pẹ̀lú lẹ́tà àti fọ́tò inú rẹ̀. Láti oṣù kejìlá ọdún náà ni wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀. Èyí tó bá lọ, ó lọ nìyẹn, fọ́tò bàbá ò ní padà mọ́.

Láìnì fóònù náà ò yàtọ̀. Bí oṣù 6 bá kọjá tí ẹ ò fi pe ẹnikẹ́ni, tí ẹ ò fi ra dátà, wọ́n lè tì í pa. Bí oṣù 6 mìíràn bá tún kọjá, ó lè bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Bí láìnì ọ̀hún bá ṣì wà ní báǹkì yín, ẹlòmíràn ni yóò máa ka álàátì yín.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá wa lọ́jà, ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ bi ọmọ yín: Gmail mélòó ni mo ní? Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé, kí ẹ tọ́jú rẹ̀ síbi tí ìwé ilẹ̀ wà. Ẹ pààrọ̀ ọ̀rọ̀ aṣínà tí ọmọ tó ta fóònù fi síbẹ̀. Ẹ máa ṣí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ kó fọ́tò inú ti àtijọ́ jáde, kí ẹ fúnra yín pa á rẹ́. Láìnì tí ẹ ò bá lò mọ́, ẹ lọ yọ ọ́ ní báǹkì.

Ẹni tó bá ń ti ìsọ̀ rẹ̀ nírọ̀lẹ́, kó má gbàgbé ilẹ̀kùn ẹ̀yìn.