Owó Títà Kì í Ṣe Èrè

Òfin owó-orí titun ti Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2026. Lábẹ́ rẹ̀, ₦800,000 àkọ́kọ́ nínú èrè ọdún kan kò ní owó-orí. Ọ̀pọ̀ oníṣòwò ìlú wa yọ̀, àwa náà sì bá wọn yọ̀. Ṣùgbọ́n ìwé ìṣirò wọn dà?

Ẹ jẹ́ kí a mú ahunṣọ kan ní Ìsẹ́yìn, tí ó ta aṣọ òkè ₦6,000,000 lọ́dún. Ó ra òwú ₦3,500,000, ó san ₦1,700,000 fún àwọn tí ń bá a ṣiṣẹ́. ₦800,000 péré ni èrè rẹ̀: kò jẹ ìjọba ní kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n bí kò bá kọ ohunkóhun sílẹ̀, òfin fún agbowó-orí láyè láti fojú bù ú. Èrò tí ó kún ìsọ̀ ni yóò sì rí, kì yóò rí gbèsè òwú. Èyí tí ó tún burú ni pé inú àpò kan náà ni owó ìsìnkú, owó iléèwé àti owó òwú ti ń jáde. (Àwọn baba wa tí ń fi ẹfun fa ilà sára ògiri mọ iye tí wọ́n ná.)

Ẹ̀yin ìjòyè tí ẹ jẹ́ bàbá ìsàlẹ̀ fún ẹgbẹ́ oníṣòwò, a bẹ̀ yín, ẹ gbé ọ̀rọ̀ yìí kalẹ̀ ní ìpàdé tí ń bọ̀: kí olúkúlùkù ní ìwé kan fún ìsọ̀, òmíràn fún ilé, kí ó sì pa ìwé ẹ̀rí ohun tí ó rà mọ́.